Jẹ́fútà ní Ìsọ̀ Káfíńtà

Ọdún tí Ràfátù parí Kùránì ni mo mọ̀ pé ìwé kan wà nílé wa tí ẹnikẹ́ni kò kà tán rí. Bíbélì ni. Ó tóbi, ó dúdú, etí ewé rẹ̀ pupa, wọ́n fi aṣọ funfun wé e bí ọmọ tuntun, orí kọ́bọ́ọ̀dù tí Bàámi fọwọ́ ara rẹ̀ kàn ló sì máa ń wà. Bí wọ́n bá bímọ lágbo ilé, wọ́n á wá yá a kí wọ́n fi sí ẹ̀gbẹ́ orí ọmọ. Bí ẹnìkan bá ń lọ sí Èkó, á fọwọ́ kàn án kó tó jáde. Nígbà tí wọ́n jí ewúrẹ́ Ìyá Àgbà, òun náà ni wọ́n gbé sáàárín àgbàlá kí àwọn tí wọ́n fura sí wá búra. Ẹni mẹ́fà ló búra, ewúrẹ́ kò sì padà wá. Ohun gbogbo là ń fi Bíbélì wa ṣe, àfi kíkà.

Ní Kemta, nílẹ̀ Ẹ̀gbá, nilé wa wà, agbo ilé kan tí àwa onígbàgbọ́ àti àwọn ìmàle jọ ń gbé, nítorí pé bàbá ńlá kan náà ló bí gbogbo wa. Alhaji, bàbá Ràfátù, tó ń ta aṣọ ní Ìtòkú, ló ni apá òsì. Àwa la ni apá ọ̀tún. Àgbàlá tó wà láàárín jẹ́ ti àwọn adìẹ. Láàárọ̀, ohùn ìpè ìrun ló máa ń kọ́kọ́ jí wa, lẹ́yìn náà ikọ́ Ìyá Àgbà, lẹ́yìn náà ìgbálẹ̀ Màámi, lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ayùn Bàámi, tó bá ti bẹ̀rẹ̀ kì í dákẹ́ títí oòrùn á fi wọ̀. Káfíńtà ni. Ìsọ̀ rẹ̀ wà níwájú ilé, lójú ọ̀nà gan-an, òórùn pákó tútù á sì máa bá òórùn láfún tí wọ́n sá sórí àpáta jà títí di ọ̀sán. Èmi ló ń kó láfún náà wọlé bí òjò bá ṣú, èmi ló ń pọn omi, èmi ló ń gbá èérún igi. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí Bàámi, á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, á máa sọ fún mi ibi tí mi ò tíì gbá. Abúlé kan lọ́nà Papalanto ni wọ́n ti bí i, inú ilé tí wọ́n ti ń bọ Ògún, kó tó wá ṣe ìrìbọmi nítorí ọmọ rẹ̀. Bí wọ́n bá bi í léèrè ẹ̀sìn rẹ̀, á ní: “Mo ti sin Ògún, mo ti sin Jésù. Ó ku ẹni tó máa sin èmi náà.”

Bàámi ni olùkọ́ àwọn ọmọdé ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ẹ̀kọ́ méjìlá ló ní, Ádámù ló bẹ̀rẹ̀ ẹ, àjíǹde Jésù ló sì parí ẹ. Bí Jésù bá ti jíǹde tán, Sọ́ńdè tó bá tẹ̀ lé e, a tún padà sọ́dọ̀ Ádámù. Kí n tó pé ọmọ ọdún mọ́kànlá, ó ti tó ìgbà ogún tí mo ti lé Ádámù kúrò nínú ọgbà, Jónà sì ti wọ inú ẹja, ó ti jáde, bí ẹni tó ní ilé níbẹ̀. Bí Bàámi bá bèèrè pé kí ni ẹja gbé mì, gbogbo kíláàsì á dáhùn láti inú oorun wọn. Ara mi kò gba ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Mo ti mọ iye pákó tó wà lókè àjà, mo mọ èyí tí ikán ti jẹ. Ṣùgbọ́n mo gbà pé Bàámi lọ́wọ̀: á ṣí Bíbélì sí àtẹ́lẹwọ́ òsì, á gbójú sókè, á máa sọ ìtàn náà láìwo ìwé lẹ́ẹ̀kan. Mo rò pé ìwà mímọ́ ni. Bí ó bá sì kàn án láti ka ẹ̀kọ́ níwájú àwọn àgbà, á pè mí sí ìsọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, á gbé Bíbélì ńlá sọ̀ kalẹ̀, á ní: “Kà á sókè, kí n gbọ́ bí o ṣe ń kà á.” Mo máa kà á lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀mẹrin. Bí mo bá ṣi ọ̀rọ̀ kan kà, kì í bá mi wí. Mo rò pé sùúrù ni.

Ọjọ́ wòlímọ̀ Ràfátù, Alhaji pa àgbò méjì. Ẹgbẹ́ mi ni Ràfátù, a jọ ń lọ sílé ìwé ìjọba ni, ṣùgbọ́n lọ́sàn-án, bí èmi bá ń gbá èérún igi, òun á wà lọ́dọ̀ Àfáà pẹ̀lú wàláà rẹ̀, a sì máa ń gbọ́ igbe rẹ̀ nígbà tí Kùránì bá ń le. Lọ́jọ́ náà, wọ́n wọ̀ ọ́ láṣọ funfun, wọ́n fi ìborùn tó ń dán bo orí rẹ̀, ó jókòó sórí ẹní bí ìyàwó, ó sì ka ìwé Ọlọ́run parí lójú gbogbo àwa tí a ti jọ ń jí ẹran inú ọbẹ̀ jẹ. Nígbà tí a ń jẹ itan àgbò lẹ́yìn ilé, ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó ní:

“Àbẹ̀kẹ́, ìwọ ńkọ́? Ìgbà wo ni ìwọ máa parí tiyín?”

“Tiwa kì í parí,” ni mo dáhùn, nítorí pé irọ́ ló kọ́kọ́ máa ń débi ẹnu mi.

“O purọ́. Ìwé tó bá ti ní èèpo ẹ̀yìn, ó ní ìparí.”

Mo ju ẹran náà sílẹ̀. Ọdún mélòó ni mo ti fi wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, kò sẹ́ni tó sọ fún mi rí pé èèyàn lè parí Bíbélì! Mo sáré lọ bá Bàámi ní ìsọ̀, mo ní mo fẹ́ ṣe wòlímọ̀.

Ayùn dúró. “O fẹ́ ṣe kí ni?”

“Wòlímọ̀ Bíbélì. Mo máa kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ẹ máa pa àgbò.”

Màámi bú sẹ́rìn-ín nínú ilé ìdáná. Bàámi kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ìwé náà kì í ṣe ohun tí ọmọdé ń fọwọ́ pa lára, pé ohun tí òun ń kọ́ wa ní Sọ́ńdè ti tó. Ìyá Àgbà ló gbà mí. “Ẹ jẹ́ kó kà á. Ṣé ẹ rà á fún ikán ni?” Ó di dandan, Bàámi gbà, ṣùgbọ́n ó kà á lófin pé mo gbọ́dọ̀ fọwọ́, mo gbọ́dọ̀ parí iṣẹ́ ilé, mi ò sì gbọdọ̀ fi itọ́ ṣí ewé.

Báyìí ni mo ṣe wọ inú ìwé tí mo rò pé mo mọ̀. Ẹ̀rù bà mí. Nóà tí a máa ń kọrin fún, bó ti bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tán, ló gbin àjàrà, ó mu ọtí rẹ̀, ó sùn sílẹ̀ ní ìhòòhò! Jékọ́bù fi awọ ewúrẹ́ tan bàbá rẹ̀ tó fọ́jú. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kan sọ̀rọ̀, ẹni tó gùn ún sì ń bá a ṣe àríyànjiyàn bí ẹni pé ó ti ń bá a sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ojoojúmọ́ ni mo ń sáré jẹun kí n lè padà síbẹ̀. Mo máa ka ìdajì, mo máa ké “Háà!”, Ìyá Àgbà á ní kí n túmọ̀ igbe náà fún òun, mo máa sọ fún un, òun náà á ké. “Àwọn èèyàn yìí kò yàtọ̀ sí ará Kemta,” ló máa ń sọ. Inú bí mi sí ẹ̀kọ́ méjìlá náà. Ó dà bí ẹni tí wọ́n ti ń fún ní omi ẹran láti kékeré, tí kò mọ̀ pé ẹran wà nínú ìkòkò.

Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n fẹ́ fi Bàámi jẹ Bàbá Ìjọ. Ẹni tó bá mọ ṣọ́ọ̀ṣì ilẹ̀ Ẹ̀gbá á mọ̀ pé oyè yìí kì í ṣe kékeré: ó ní àga tirẹ̀ níwájú, wọ́n á sì máa dìde fún un. Ẹni tó tún ń wá a ni Bàbá Akọ̀wé, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì, tó máa ń fi òyìnbó gbàdúrà bí ẹni pé òun àti Ọlọ́run jọ lọ sílé ìwé. Àwọn àgbà fẹ́ Bàámi. Ṣùgbọ́n Pásítọ̀ tuntun dé, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ìwé ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbóná lórí ẹ̀, ó kéde pé lọ́jọ́ ìkórè, ẹni tó bá máa joyè yóò dúró níwájú ìjọ, òun yóò ṣí Bíbélì síbi tó bá wu òun, ẹni náà yóò sì kà á, kí gbogbo èèyàn mọ̀ pé oyè ṣọ́ọ̀ṣì kì í ṣe oyè ọjà. A pàtẹ́wọ́. Láti ọjọ́ náà ni ayùn Bàámi ti yí ohùn padà. Á bẹ̀rẹ̀, á dúró, á bẹ̀rẹ̀. Mo rò pé ayọ̀ oyè ni.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, mo dé ibi ìtàn Jẹ́fútà nínú ìwé Àwọn Onídàájọ́. Ọ̀gágun ni. Ó jẹ́jẹ̀ẹ́ fún Ọlọ́run pé bí òun bá ṣẹ́gun, ohun tó bá kọ́kọ́ jáde láti inú ilé òun láti pàdé òun ni òun yóò fi rúbọ. Ó ṣẹ́gun. Ó ń bọ̀ nílé. Ta ló jáde? Ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo ni, pẹ̀lú ijó. Mo ka ìyókù, mo sì jókòó sílẹ̀ bí ẹni tí wọ́n gbá létí. Èmi náà máa ń jó jáde pàdé Bàámi bó bá ti ọjà pákó dé. Mo gbé Bíbélì náà, mo sáré lọ sí ìsọ̀.

“Bàámi, kí lorúkọ ọmọ Jẹ́fútà? Wọn ò kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀!”

“Ta ni Jẹ́fútà?”

“Èyí tó fi ọmọ rẹ̀ rúbọ.”

“Kò sí ìyẹn nínú Bíbélì,” ni Bàámi wí, ó sì ń fi pẹ́ńsùlù fa ìlà sára pákó. “Ábúráhámù lò ń sọ. Kò sì pa á.”

“Ó wà níbẹ̀, Bàámi!” Mo gbé ìwé náà lé orí bẹ́ǹṣì, mo fi ìka hàn án. Lọ́ọ̀rì kan kọjá lójú ọ̀nà, atẹ́gùn rẹ̀ gbé aṣọ funfun tí mo fi gbé ìwé náà sọ sílẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ mú un. Nígbà tí mo dìde, Bàámi ti tẹjú mọ́ ìwé náà, ó ń mi orí. “Ó dáa,” ló wí, “mo ti rí i. Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́.”

Mo wo ibi tó ń wò. Atẹ́gùn ti ṣí ewé náà padà sẹ́yìn. Inú ìwé Jóṣúà ló wà, níbi tí wọ́n ti to orúkọ ìlú lásán jọ, ìlú lórí ìlú, láti òkè délẹ̀. Kò sí Jẹ́fútà, kò sí ọmọ, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Bàámi sì tún sọ ọ́, ohun tó máa ń sọ ní gbogbo Sátidé: “Kà á sókè, kí n gbọ́ bí o ṣe ń kà á.”

Òtútù mú mi nínú oòrùn. Ìwà mímọ́ lọ, sùúrù lọ, gbogbo ohun tí mo ti rò láti ọdún wọ̀nyí wá dìde lẹ́ẹ̀kan náà, ó jáde lọ. Mo ṣí ìwé náà síbi tó yẹ, mo sì kà á. Nígbà tí mo parí, Bàámi ti jókòó sínú èérún igi, pẹ́ńsùlù ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ó pa á?”

“Wọ́n ní ó mú ẹ̀jẹ́ rẹ̀ ṣẹ.”

“Ọmọ tó bí?” Ó na ìka sí ìwé náà. “Kà á lẹ́ẹ̀kan sí i.”

Mo wọ ilé ìdáná lọ bá Màámi, tó ń ro láfún. Mo ní, “Màámi, Bàámi ò...” Kò jẹ́ kí n parí rẹ̀.

“Bá mi mú àwo wá.”

“Ẹ ti mọ̀?”

“Ta ni kò mọ̀ nínú ilé yìí? Ìwọ tó ń kàwé nìkan ni.”

Ní ọjọ́ kejì Bàámi fúnra rẹ̀ pè mí. Ó ní, “Àbẹ̀kẹ́, o rí mi lánàá.” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. “Ta lo sọ fún?” Mo ní Màámi. “Ìyẹn ò burú, òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.” Ó wá sọ fún mi pé ọmọ kan ṣoṣo ni ilé wọn lè rán lọ sílé ìwé nínú àwọn méjì, wọ́n mú ẹ̀gbọ́n òun. Ẹ̀gbọ́n kú, ìwé sì bá a lọ. Òun wá kọ́ṣẹ́ káfíńtà lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tó jẹ́ olùkọ́ Sọ́ńdè, ọ̀gá náà ló kọ́ òun ní ìtàn wọ̀nyí bó ṣe kọ́ òun ní bí a ṣe ń kan àga. “Méjìlá péré lòun náà mọ̀,” ló wí. “Mo rò pé ó parí síbẹ̀.”

Ìkórè ku oṣù díẹ̀. Mo ní kó jẹ́ kí n kọ́ òun. Orí pákó la ti bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú pẹ́ńsùlù káfíńtà, ó sì máa ń fá a kúrò bí ẹnìkan bá ń bọ̀. Nígbà mìíràn kì í ráyè fá a. Kọ́bọ́ọ̀dù kan wà ní Adigbe títí di òní tí wọ́n kọ A, B, D sí inú ilẹ̀kùn rẹ̀. Lẹ́yìn lẹ́tà, màá ka ìwé fún un, a ó sì máa jà lórí ohun tí mo kà. Kí ló dé tí Ọlọ́run kò pariwo mọ́ Jẹ́fútà bó ṣe pariwo mọ́ Ábúráhámù? Kí ló dé tí ìyá ọmọ náà kò sọ̀rọ̀? Ó ju bí mo ṣe rò lọ: bàbá tó máa ń jẹ́ kí n sùn ní Sọ́ńdè kò jẹ́ kí n sùn mọ́ ní ìsọ̀. Ní ọjọ́ kan ó kàn gbé òòlù kalẹ̀, ó ní: “Mo ti mọ ìdí tí Jẹ́fútà kò fi gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Ojú ló tì í. Ó ti sọ ọ́ lójú gbogbo èèyàn. Ọmọ ló fi san ìtìjú.”

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan, Bàámi lè ka “ilé”, ó lè ka “ọmọ”, “omi” àti orúkọ ara rẹ̀. Kò tó. Màámi ní kó ṣàìsàn. Ìyá Àgbà ní kó sọ pé òun gbàgbé awò ojú.

“Ìyá, mi ò ní awò.”

“Ìyẹn gan-an lo fi gbàgbé ẹ̀.”

Lọ́jọ́ ìkórè, ṣọ́ọ̀ṣì kún fún iṣu, àgbàdo àti àwọn tí kì í wá. Bàámi wọ agbádá funfun. Mo ti gbà á ládùúrà pé kí Pásítọ̀ ṣí i sí Jónà. Pásítọ̀ ṣí Bíbélì, ó gbé e lé orí tábìlì gíga, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó kúrò níbẹ̀. Bàámi lọ dúró síbẹ̀. Ó wo ojú ewé náà pẹ́, bí ó ti máa ń wo pákó tí kò tọ́. Mo rí i pé ó ń wá “ilé”, ó ń wá “ọmọ”. Ó wá gbé ọwọ́ kúrò lórí ìwé.

“Ẹ̀yin èèyàn mi,” ló wí, “mi ò mọ̀wé kà.”

Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Iṣu kan yí ṣubú níwájú.

“Ìtàn méjìlá tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ yín, etí ni mo fi gbọ́ ọ. Ọmọ mi ló fi hàn mí pé ó kù. Bàbá kan wà níbẹ̀ tó pa ọmọ rẹ̀ nítorí kí ojú má bàa tì í. Ojú ti ti èmi náà báyìí. Ẹ jẹ́ kó tì mí tán.”

“Ṣíọ̀!” ni Bàbá Akọ̀wé wí, ohun kan ṣoṣo tí mo gbọ́ tó fi Yorùbá sọ rí nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Pásítọ̀ ya ẹnu, ó pa á dé, ó ní, “Káfíńtà, ẹ lọ jókòó.” Ọjọ́ náà ni Bàbá Akọ̀wé di Bàbá Ìjọ. Ó kà á dáadáa, ó dùn létí. Kò sí ẹnìkan tó lè sọ fún mi títí dòní ohun tó kà. Ṣùgbọ́n mo rí nǹkan mìíràn tó yà mí lẹ́nu ju gbogbo rẹ̀ lọ. Lórí ìjókòó àwọn àgbà, níbi tí Bíbélì ti máa ń wà ní ṣíṣí lórí itan gbogbo wọn, wọ́n ń pa á dé lọ́kọ̀ọ̀kan, jẹ́jẹ́, wọ́n sì ń wo ilẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọ̀kan nínú wọn wá sí ìsọ̀, ó ní kí Bàámi kan àpótí ìjókòó kan fún òun. Ó dúró wo bí a ṣe ń kọ lẹ́tà sórí pákó. Ọjọ́ kejì, ẹlòmíràn wá, àpótí náà ló fẹ́. Ìyá Ìjọ wá, ó ní méjì. Kó tó di oṣù Kejìlá, àpótí mọ́kànlá ti wà nílẹ̀ ní ìsọ̀, ẹnikẹ́ni kò wá gbé ọ̀kan. Orí wọn ni wọ́n ń jókòó sí ní ọ̀sán Sọ́ńdè, wọ́n á ní àwọn wá wò bóyá ọ̀dà rẹ̀ ti gbẹ. Èmi á kà, Bàámi á bèèrè, wọ́n á jà. Mo lọ sí yunifásítì lẹ́yìn ìgbà náà, mo bá àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń búra lórí ìwé tí wọn kò ṣí rí. Kò yà mí lẹ́nu. Kemta ni wọ́n ti bí mi.

Ọyẹ́ ti dé nígbà tí mo dé èèpo ẹ̀yìn. Bàámi ní àgbò kò sí, ó pa àkùkọ. Màámi wọ̀ mí láṣọ funfun, Ràfátù yá mi ní ìborùn rẹ̀ tó ń dán, Alhaji gbé ẹní wá. Gbogbo agbo ilé pé, ti ọ̀tún ti òsì, pẹ̀lú àwọn tó ni àpótí mọ́kànlá náà, tí wọ́n gbé wọn wá jókòó. Mo ka ojú ewé ìkẹyìn. Nígbà tó ku ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, Bàámi na ọwọ́ dí mi lẹ́nu.

“Fi ìyẹn sílẹ̀ fún mi.”

Ó kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ mi lórí ẹní, ó gbé ìka rẹ̀ tí ayùn ti gé lórí lé ìwé náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé lẹ́tà kọ̀ọ̀kan bí ẹni gbé pákó wúwo. Ó pẹ́. Òógùn yọ lójú rẹ̀ nínú ọyẹ́. Àkùkọ ń jó nínú epo, kò sẹ́ni tó lọ wò ó.

“Àmín,” ni Bàámi kà.

“Àmín!” ni Alhaji dáhùn, àti Ràfátù, àti gbogbo àgbàlá.

Ìyá Àgbà, tí etí rẹ̀ kò gbọ́ràn mọ́ dáadáa, gbójú sókè lẹ́nu ọ̀nà. “Àdúrà wo la ń ṣe Àmín sí?”

Bàámi ti padà sí ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà, ó ń kà á lẹ́ẹ̀kan sí i.